Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn aláṣẹ NICRAT: ẹ fún ọmọ tó bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ níwèé, nítorí ojú rẹ̀

Sí Ọ̀gá Àgbà àti gbogbo aláṣẹ NICRAT,
Àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ìwádìí àti ìtọ́jú àrùn jẹjẹrẹ,
Abuja.

Ẹ̀yin àgbà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ sì kú làálàá. Nọ́ọ̀sì ojú ni mí, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín kò wọ́n, kò sì gba ẹ̀rọ tí a ó lọ rà wá láti òkè òkun. Ìwé kan ni. Gbogbo ọmọ tó bá ti parí ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ní ilé ìwòsàn yòówù kó jẹ́ ní Nàìjíríà, ẹ jẹ́ kí ó gba ìwé kan lọ sílé. Kí wọ́n kọ orúkọ àìsàn tó ṣe é sínú rẹ̀, kí wọ́n kọ oògùn tó lò àti àpapọ̀ ìwọ̀n rẹ̀, kí wọ́n kọ ibi tí wọ́n fi ìtànṣán ẹ̀rọ tó ń pa jẹjẹrẹ sí lára rẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó, kí wọ́n sì kọ ìgbà tó yẹ kí dókítà ojú máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mo wá bá yín sọ kò ju ìyẹn lọ. Àlàyé ìdí rẹ̀ ló gùn.

Jẹjẹrẹ ọmọdé ń gbóògùn. Ní àwọn ìlú olówó, tí ọmọ mẹ́wàá bá ní in, ó lé ní mẹ́jọ tó ń yè é. Lọ́dọ̀ tiwa kò tíì rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti gbé ètò kan kalẹ̀ lọ́dún 2018 pé nígbà tó bá fi máa di 2030, ó kéré tán, kí 60 nínú 100 ọmọ tó ní jẹjẹrẹ lágbàáyé máa yè. Àìsàn mẹ́fà ni wọ́n fi ṣe òpó ètò náà. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ALL wà níbẹ̀. Burkitt, jẹjẹrẹ tó sábà máa ń wú ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́, wà níbẹ̀, èyí tí kò ṣàjèjì sí àwa ará Ìbàdàn rárá. Retinoblastoma, tó jẹ́ pé inú ẹyinjú gan-an ló ti ń hù, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí iṣẹ́ yín bá yọrí sí rere, àwọn ọmọ tó ń yè á máa pọ̀ sí i, wọ́n á sì dàgbà, wọ́n á wá bá wa ní kílíníìkì ojú. Wọ́n ti ń wá báyìí. Ọwọ́ òfo ni wọ́n ń gbé wá.

Ìtọ́jú tó lé àìsàn lọ lè fi nǹkan sílẹ̀ lójú ọmọ, nǹkan náà kì í sì í sábà yọjú lọ́jọ́ tí wọ́n ń jáde ní wọ́ọ̀dù. Ó lè gba ọdún méjì, ó lè gba mẹ́wàá, òmíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dígí kékeré tó wà lẹ́yìn ọmọlójú ni ìtànṣán máa ń tètè bà jẹ́ jù nínú gbogbo ẹ̀yà ojú. Kò pọn dandan kó jẹ́ ojú gan-an ni wọ́n dojú ẹ̀rọ kọ. Orí ni o, gbogbo ara ni o, ìtànṣán lè débẹ̀. Dígí yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, òun là ń pè ní kátáráàtì. Prednisolone àti dexamethasone, àwọn oògùn tí a ń pè ní sìtẹ́rọ́ìdì, tí wọ́n fi ń tọ́jú àwọn ọmọ tó ní ALL, lè ṣe irú iṣẹ́ yìí kan náà, wọ́n sì lè gbé ìfúnpá inú ojú sókè títí tí á fi di glaucoma, àrùn tó ń jí ìran ojú lọ díẹ̀díẹ̀. Busulfan tí àwọn kan ń gbà kí wọ́n tó pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú eegun wọn, òun náà ń fa kátáráàtì.

Kátáráàtì ṣì sàn, nítorí a lè yọ ọ́. Ìtànṣán tó bá ba ibi tí omijé ti ń sun jẹ́, ojú á gbẹ títí ayé, ọmọ á máa sọ pé iyanrìn wà lójú òun, á máa fi ọwọ́ ra á, egbò á sì dé. Èyí tó bá ba àwọn òpójẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà ní awọ ẹ̀yìn ojú jẹ́, tàbí iṣan tó ń gbé ìran lọ sí ọpọlọ, iṣẹ́ ńlá dé nìyẹn. Bí wọ́n bá tètè rí ti ẹ̀yìn ojú, dókítà ṣì lè dá a dúró díẹ̀. Ti iṣan yẹn, mi ò tíì rí ẹni tó bá wa dá a padà. Ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fi ìtànṣán sí ihò ojú rẹ̀ sì tún ń bẹ: eegun ibẹ̀ lè má dàgbà mọ́, ẹ̀gbẹ́ kan á kó wọnú, ẹ̀gbẹ́ kejì á máa dàgbà lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé àsọdùn nọ́ọ̀sì ni. Àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tẹ̀lé àwọn èèyàn tí jẹjẹrẹ ṣe ní kékeré láàrin 1970 sí 1986, wọ́n lé ní 14,000, wọ́n sì fi wọ́n wé ọmọ ìyá wọn tí kò ṣe. Nínú àbájáde tó jáde lọ́dún 2010, ewu kátáráàtì lára wọn ju ti ọmọ ìyá wọn lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá ó lé. Rírí nǹkan ní méjì-méjì jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Glaucoma àti ìfọ́jú, bí ìlọ́po méjì àbọ̀. Àwọn ọmọ tí fáìlì wọn pé nìyẹn o, níbi tí iná kì í ti í lọ.

Ẹ wá bá mi wọ yàrá wa wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan wọlé, ó ń múra JAMB. Ó ní bí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ máa ń fọ́n ká lójú òun débi pé òun kì í mọ ibi tí ọ̀kadà parí sí. Lọ́sàn-án, oòrùn kì í jẹ́ kí òun ríran. Ó ka àtẹ lẹ́tà ara ògiri dé ìlà kẹrin, ó dúró, ó wo ojú mi bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. A kán oògùn tó ń la ọmọlójú sí i, a dúró kó ṣiṣẹ́, mo pa iná yàrá, dókítà tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú náà. Ojú tó dá ṣáṣá, pupa ló máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Tirẹ̀ pupa yí ká, àmọ́ àbàwọ́n dúdú kan jókòó sí àárín gbùngbùn, lẹ́yìn dígí. Ojú kejì, bákan náà. Irú èyí lára ọmọ ọdún 19, oògùn tàbí ìtànṣán wà lára ohun àkọ́kọ́ tó ń wá síni lọ́kàn. Dókítà bi í bóyá ó ti lo oògùn kan fún ìgbà pípẹ́ rí. Ó ní rárá, sà. Ṣé wọ́n ti gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ rí? Rárá, sà.

Ìyá rẹ̀ jókòó níta, ó ń fi káàdì ọmọ rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sára. Mo lọ bá a. Mo ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú, nígbà tó wà ní kékeré ńkọ́, ṣé wọ́n dá a dúró sílé ìwòsàn rí?” Ó kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́, ọdún gbọọrọ ni àwọn fi rìn ín. “Nọ́ọ̀sì, kò mọ̀ o. Bàbá rẹ̀ ní ká má sọ. Ẹ bá mi bò ó.”

A wá fáìlì náà. Níbi tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, wọ́n ní àwọn ti kó ilé àkójọ fáìlì lọ síbòmíràn, èyí tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́. Nígbà tí ìyá náà padà wá, ó gbé nylon dúdú kan dání: ríṣíìtì tí yíǹkì rẹ̀ ti parẹ́, páálí oògùn tí ó gbé “dexa” lára, àti fọ́tò ọmọ náà pẹ̀lú orí tí kò ní irun kankan. Mo bi í bóyá wọ́n fi ìtànṣán sí i lórí. Ó ní, “Wọ́n máa ń gbé e wọ yàrá kan, wọ́n á ní kí n dúró síta. Bó bá jáde, á ti rẹ̀ ẹ́.” Yàrá yẹn lè jẹ́ yàrá ìtànṣán. Ó sì lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń gún un lábẹ́rẹ́ lẹ́yìn, nítorí oògùn tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ ALL sínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Bó bá jẹ́ abẹ́rẹ́, kátáráàtì nìkan la ó dojú kọ. Bó bá jẹ́ ìtànṣán ni, a gbọ́dọ̀ máa wo ẹ̀yìn ojú rẹ̀ lọ́dọọdún, kí àwọn dókítà mìíràn sì wo bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ìwé kan bá wà, ìṣẹ́jú kan la ó fi mọ̀ ọ́n. Àwa kò tíì mọ̀ ọ́n títí di òní. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú méjèèjì fún un, ó ń ríran, ó sì ti wọlé sí yunifásítì. Ṣùgbọ́n iná ọkọ̀ ló gbé e wá, kì í ṣe ètò ìlera wa.

Nígbà mìíràn ìyá ọmọ ti ṣàkíyèsí, ó ti sọ. Wọ́n á ní ojú tó ń pọ́n díẹ̀ ni o wá ń pariwo lé lórí, ọmọ tí Ọlọ́run dá sí? À ń gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ sí ààtàn lọ jẹ̀. Mo ti gbọ́ òwe yìí lẹ́nu àwọn mọ̀lẹ́bí, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwa òṣìṣẹ́ ìlera náà, inú mi kì í dùn sí i. Ọmọ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ikú yẹn ló máa ka ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó lọ́la. Bó bá sì jẹ́ pé kò tíì pé ọmọ ọdún méje tàbí mẹ́jọ nígbà tí kátáráàtì bò ó lójú, ọpọlọ rẹ̀ á pa ojú yẹn tì, á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń fi í ríran. Ẹ yọ kátáráàtì náà nígbà tó bá di ọmọ ogún ọdún, dígí á mọ́, ìran lè má padà wá.

Ọ̀rọ̀ retinoblastoma gùn ju èyí lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tó yè é, ojú kan ló kù wọ́n. Wọ́n yọ èyí tí àìsàn wà nínú rẹ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n yọ ọ́. Lẹ́yìn náà ńkọ́? Ọmọ á dàgbà, ihò ojú á dàgbà, ojú àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe fún un nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjì kò ní dàgbà. Á máa yí nínú ihò, á máa sun ọyún, lọ́jọ́ kan á já bọ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré. Mo rí ọmọbìnrin kan tó fi irun bo ẹ̀gbẹ́ ojú yẹn láti praímárì títí dé JSS 2, nítorí pé owó ojú tuntun kò sí, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún òbí rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé wọ́n á máa pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ojú kan tó kù náà, kò sẹ́ni tó ní kí ọmọ máa lo awò tó nípọn tí kò lè fọ́, kí òkúta tàbí bọ́ọ̀lù má lọ bà á jẹ́. Bí ó bá sì ti gba carboplatin, oògùn jẹjẹrẹ kan, ìgbọ́ràn etí rẹ̀ lè ti dín kù, a ò sì gbọ́dọ̀ wo ojú ká gbàgbé etí lára ọmọ olójú kan.

Nǹkan bí 40 nínú 100 àwọn tó ní retinoblastoma ló jẹ́ pé àbùdá àjogúnbá (gene) kan tó ń jẹ́ RB1, tó ti bàjẹ́, wà nínú gbogbo ara wọn. Ẹni bẹ́ẹ̀ bá dàgbà, tó bá bímọ, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú méjì ni yóò jogún rẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá sì ti bí ọmọ náà ló ti yẹ kí dókítà ojú máa wò ó. Òun fúnra rẹ̀ wà nínú ewu jẹjẹrẹ mìíràn, pàápàá ti eegun àti ti ẹran ara, ewu náà sì ga sí i bí wọ́n bá ti fi ìtànṣán sí i ní kékeré. Ẹsẹ̀ tó bá ń dun irú ọmọ yìí lóru, ẹ má fi òróró pa á lọ́sẹ̀ méjì kí ẹ tó gbé e jáde. Ta ni yóò sọ gbogbo èyí fún un? Dókítà tó yọ ojú rẹ̀ lè ti wà ní Kánádà báyìí.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni ti ilé kẹ́míìsì. Ọmọ tí sìtẹ́rọ́ìdì ti ṣe lójú nígbà ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ojú rẹ̀ pọ́n, wọ́n á rán an lọ ra oògùn àkánsójú. Ẹni tó ń tà á á mú èyí tí sìtẹ́rọ́ìdì wà nínú rẹ̀ fún un, ojú á funfun láàrin ọjọ́ méjì, inú gbogbo wọn á dùn, wọ́n á sì máa rà á lọ. Ìfúnpá ojú ń lọ sókè lábẹ́lẹ̀. Bí ìwé bá wà lọ́wọ́ ìyá, tí wọ́n kọ gàdàgbà síbẹ̀ pé “ẹ má kán oògùn sí i lójú láìjẹ́ pé dókítà ojú fọwọ́ sí i”, kódà ẹni tí kò kàwé á ní kí wọ́n ka ìyẹn fún òun.

Kò sí èyí tó jẹ́ tuntun nínú ohun tí mo ń béèrè. Ní Amẹ́ríkà, Children's Oncology Group, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jẹjẹrẹ ọmọdé, ní ìtọ́sọ́nà kan, ẹ̀dà kẹfà rẹ̀ jáde ní Oṣù Kẹwàá 2023. Ó ní ẹni tí jẹjẹrẹ ti wà lójú rẹ̀, tàbí tí wọ́n fi ìtànṣán sí gbogbo ara rẹ̀, tàbí tí ìtànṣán tó dé sàkáání ojú rẹ̀ tó 30 Gray (òṣùwọ̀n ìtànṣán) sókè, kí dókítà ojú máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Àwọn tí tiwọn kò tó bẹ́ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta. Ní Yúróòpù, wọ́n ní ìwé kan tí wọ́n ń pè ní SurPass, tí ọmọ á máa gbé kiri bí ìwé ìrìnnà. Ẹ má sì jẹ́ ká sọ pé àkọsílẹ̀ ṣòro fún wa. Ìbàdàn yìí ni wọ́n ti dá àkọsílẹ̀ àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní UCH ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Láti ìgbà yẹn la ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ẹni tí jẹjẹrẹ mú. Ti ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló kù.

Mo mọ̀ pé owó ò tó. Mo mọ̀ pé ọmọ míì kò rí kímò, oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, rà, pé òbí míì ń ta ilẹ̀, ẹ̀yin gan-an lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ìwé tí mò ń sọ kò gbà ju ojú ìwé méjì lọ. Yíyẹ ojú wò gba oògùn tó ń la ọmọlójú, ẹ̀rọ tó ti wà ní kílíníìkì ojú wa, àti dókítà tó mọ ohun tó ń wá. Ohun tí yóò gba owó ni iṣẹ́ abẹ àti ojú àtọwọ́dá, nítorí náà ẹ bá wa bá NHIA, àjọ ìjọba tó ń rí sí adójútòfò ìlera, sọ ọ́, kí wọ́n kọ pípààrọ̀ ojú àtọwọ́dá sínú ohun tí adójútòfò ń san títí ọmọ á fi di ọmọ ọdún 18. Ẹ sì tún bá àwọn tó ń ṣe Jigi Bola sọ̀rọ̀, ètò awò ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó tí ìjọba àpapọ̀ wá gbà á ṣe lọ́dún 2024. Awò kò lè wo kátáráàtì. Àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo lórí fọ́ọ̀mù wọn, pé ṣé ọmọ yìí ti gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ rí, lè jẹ́ kí wọ́n darí rẹ̀ sí ibi tó yẹ dípò kí wọ́n fún un ní awò kó máa lọ.

Lórí ti àwọn òbí tí kò fẹ́ kí ọmọ mọ̀: mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹnu ayé ń bà wọ́n lẹ́rù, wọ́n ń ro ti ìgbéyàwó, wọ́n ń ro ti “ilé wọn ní àrùn”. Ṣùgbọ́n kí ìwé náà ní ẹ̀dà méjì, ọ̀kan fún òbí, èkejì nínú fáìlì tí wọn ò gbọ́dọ̀ jù nù, tí ọmọ náà lè bèèrè fún nígbà tó bá pé ọmọ ọdún 18. Kí nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù sì jókòó ti òbí kí wọ́n tó lọ sílé, kó ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́, Yorùbá ni o, Haúsá ni o, Ìgbò ni o.

Ẹ lè fi àwọn ilé ìwòsàn olùkọ́ni tó ní wọ́ọ̀dù jẹjẹrẹ ọmọdé bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ tó bá máa kọ́kọ́ parí ìtọ́jú lẹ́yìn tí ẹ bá ka lẹ́tà yìí. Mo ti kọ àpẹẹrẹ ìwé náà ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, iwájú àti ẹ̀yìn, dókítà méjì ti bá mi yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín l'Abuja. Mo fi àyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ ojú ìwé kejì fún ọjọ́ àyẹ̀wò ojú ti ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ tí kò sí, ẹ fi kún un, kí ẹ tẹ̀ ẹ́.

Èmi ni,
Nọ́ọ̀sì ojú kan, Ìbàdàn